Ẹ̀rọ Tó Ní Bàbá Yín Kì Í Ṣe Ọkọ Mi

Ilé Akínbọ́lá ẹ̀gbọ́n rẹ,
Sachse, lẹ́bàá Dallas.
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

Tọ́láṣe ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́ òru, mo kí ọ kú oorun ọ̀sán, mo sì kí ọ kú àìwálé. Ṣé ara rẹ le? Ṣé ò ń jẹun gidi, àbí búrẹ́dì lásán lo ṣì fi ń gbé ẹ̀mí ró láàárín ìlú Dallas tí o lọ ń gbé yẹn? Ọlọ́run tó mú mi la òkun kọjá tí ọkọ̀ òfuurufú kò já lulẹ̀ yóò máa ṣọ́ ọ láàárín àwọn aláìsàn tí ò ń tọ́jú, àìsàn wọn kò ní ràn ọ́, ẹkún wọn kò ní tẹ̀ lé ọ délé, àmín. Bí o bá fẹ́ gbọ́ nípa tiwa, a wà láàyè, a sì ń dúpẹ́, àmọ́ inú ń bí mi, n kò sì ní fi pa mọ́ títí n ó fi dé ìsàlẹ̀ ìwé yìí.

Ohun tí o máa kọ́kọ́ bi ara rẹ ni pé èwo ni ti lẹ́tà, ṣebí Màámi ní fóònù. Fara balẹ̀, ọ̀rọ̀ fóònù náà ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ ló fún mi ní sítáǹpù, ó ní kí n fi lẹ́tà sínú àpótí kékeré tó wà lórí òpó níwájú ilé, kí n gbé àsíá pupa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sókè, pé ẹnìkan yóò wá mú un. Mo bi í pé ta ni yóò dúró tì í títí ẹni náà yóò fi dé, ó ní kò sí ẹnìkan. Háà! Àpótí tí kò ní kọ́kọ́rọ́, tó wà ní ìta gbangba, ni wọ́n ń kó ọ̀rọ̀ àṣírí sí ní ilẹ̀ yìí, fóònù tó wà lọ́wọ́ mi ni wọ́n wá fi oríṣiríṣi àgádágodo tì mọ́ mi lójú.

Ilé tòrò. Abúlé ni Sachse yìí o, ẹnikẹ́ni kò lè tàn mí jẹ, nítorí ibi tí èèyàn á ti jókòó síwájú ilé láti àárọ̀ tí kò ní rí ẹyọ ẹnìkan tó máa kí i pé ẹ kú ìjókòó, abúlé ni, Òkèhò tiwa jù ú lọ fíìfíì. Ilé ńláńlá ló kún ibẹ̀, mọ́tò ló ń jáde nínú wọn láàárọ̀, mọ́tò náà ló ń padà wọ̀ ọ́ lálẹ́. Oòrùn wọn nìkan ni mo fẹ́ràn. Mo bẹ iṣu, mo bọ̀ ọ́, mo sá a sórí kọnkéré níwájú ilé kí n lè rí èlùbọ́ gidi jẹ, kò tíì gbẹ tán tí àwọn aládùúgbò fi kọ̀wé sí Akínbọ́lá pé kí ni nǹkan dúdú yẹn tó ń ba ojú àdúgbò jẹ́. Akínbọ́lá tí èlùbọ́ tọ́ dàgbà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó o wọlé, ó tún ń bẹ̀ wọ́n. N kò bá a jà, mo kàn wò ó láti òkè délẹ̀.

Ọ̀rọ̀ fóònù wá dé wàyí. O mọ̀ pé etí ìró ni mo máa ń so fóònù mi mọ́, bí ìyá mi ṣe ń so owó rẹ̀ mọ́ etí aṣọ tí olè kankan kò fi rí i jí títí ó fi kú. Michelle ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ, ọmọ dáadáa ni, ibí yìí ni àwọn òbí rẹ̀ bí i sí, bí mo bá fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀ a fi Gẹ̀ẹ́sì dá mi lóhùn, àmọ́ a máa kúnlẹ̀ kí mi. Inú rere rẹ̀ ló kó mi sí wàhálà. Ó rí ìró mi lórí àga, ó ní kí òun bá Mummy fọ̀ ọ́, ó gbé e sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ tòun ti fóònù. Ìgbà tí mo fi gbọ́ kó, kó, kó nínú ẹ̀rọ, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ó sunkún, èmi náà sunkún. Akínbọ́lá ra tuntun fún mi lọ́jọ́ kejì, ó tóbi, ó ń dán, àmọ́ òfìfo ni, ohùn bàbá yín kò sí nínú rẹ̀.

O mọ ohùn tí mò ń wí. Nígbà tí wọ́n ń ṣe ojú mi ní ọsibítù ní Ìbàdàn, tó jẹ́ pé bàbá yín nìkan ló wà nílé ní Òkèhò, ó máa ń fi ohùn ránṣẹ́ sí mi, nítorí n kò lè ríwèé kà. Gbogbo rẹ̀ ló wà nínú fóònù yẹn, òun ni mo sì máa ń gbọ́ kí n tó sùn láti ìgbà tí a ti sin ín. Akínbọ́lá ní kí n má bara jẹ́, ó ní ohùn náà kò bá omi lọ, pé ó wà ní àkáǹtì lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan. Mo ní àkáǹtì kẹ̀, owó ni mo mọ̀ tí wọ́n ń fi sí àkáǹtì. Ó ní ti ohùn náà wà, wọ́n tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ pa mọ́, kí a ṣáà ti fi hàn wọ́n pé èmi ni mo ni ín. Mo ní ìyẹn kò le, kí a wọ mọ́tò lọ bá wọn, kí a mú nǹkan dání, kí a bẹ̀ wọ́n, nítorí ojú lọ̀rọ̀ wà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín, ìgbà tó rí i pé mo ti wé gèlè tán ló mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Plano ni ọ́fíìsì wọn wà, gíláàsì ni láti ìsàlẹ̀ dé òkè, a rí àwọn èèyàn nínú rẹ̀ tí wọ́n ń mu kọfí kiri. Ọkùnrin kan ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, Waleed ni wọ́n kọ sí àyà aṣọ rẹ̀, ó fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ fún wa pé wọn kì í rí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ báyìí, pé fóònù ni kí a fi pè wọ́n. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ bi í bóyá fóònù tí wọ́n tì mọ́ mi náà ni kí n fi pè wọ́n. Ó ní kí a má bínú. Gbogbo ilé gíláàsì yẹn, kò sí ẹyọ ẹnìkan tó lè gbé kọfí kalẹ̀ kó wá wo ojú àgbà. Mo fún Waleed ní ọsàn tí mo dì dání fún wọn, òun nìkan ló ṣe bí èèyàn níbẹ̀.

A padà sílé, Akínbọ́lá jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ bi í ní ìbéèrè kan, pé kí ni orúkọ ọkọ ẹni tó ni àkáǹtì. Ẹ̀gbọ́n rẹ ní ìyẹn rọrùn, ó tẹ orúkọ bàbá yín, ti ìbílẹ̀ àti ti ìrìbọmi. Ẹ̀rọ ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ó yọ ti ìrìbọmi kúrò, ẹ̀rọ ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ó fi orúkọ ìdílé ṣáájú, ẹ̀rọ ní kò rí bẹ́ẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ wa, ó ní kí a lọ pe èèyàn.

Tọ́láṣe, ṣé o gbọ́? Irin lásánlàsàn, tí kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n sin mí wọ ilé bàbá yín, tí kò jẹ nínú iyán ìgbéyàwó, tí kò mọ bí mo ṣe ń bì kiri nínú oyún ẹ̀gbọ́n rẹ, òun ló wò mí lójú tó ní ọkùnrin yẹn kì í ṣe ọkọ mi. Àwọn ìyá ọkọ mi, pẹ̀lú gbogbo ẹnu wọn, wọn kò sọ ọ́ débẹ̀ rí.

A pe nọ́ḿbà wọn. Orin aláìlọ́rọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ sí wa létí, wọ́n kọ ọ́ títí mo fi se ẹ̀wà jinná. Nígbà tí ọmọbìnrin kan wá gbé e, ó ní Jessica ni òun, ó bi mí bí mo ṣe wà, mo sọ fún un, mo bèèrè àwọn òbí tirẹ̀ náà, ó kọjá sórí ọ̀rọ̀ àkáǹtì. Ó ní ẹ̀gbọ́n rẹ kò gbọ́dọ̀ bá mi sọ ọ́, èmi tí mo ni àkáǹtì ni kí n fi ẹnu ara mi pe orúkọ ọkọ mi. Akínbọ́lá ṣàlàyé fún un pé nílẹ̀ tiwa ìyàwó kì í pe orúkọ ọkọ rẹ̀ mọ́ ọn lórí. Jessica ní ó yé òun, ó ní ó dùn mọ́ òun láti gbọ́, àmọ́ kí n pè é.

O mọ̀ mí. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yín, n kò pe orúkọ ẹnikẹ́ni tí mo bá níbẹ̀. Àbúrò bàbá yín tó kéré jù, tó ṣì ń tọ̀ sórí ẹní nígbà tí mo dé, Akọ̀wé ni mo fún un lórúkọ, Akọ̀wé náà ni mò ń pè é títí di òní, bẹ́ẹ̀ ni kò kàwé. Mo bí ọmọ fún bàbá yín, mo bá a kó irè oko, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú títí èémí fi bọ́ lára rẹ̀, n kò pe orúkọ rẹ̀ rí, n kò sì ní kọ ọ́ síbí náà. Orí àga ọmọ mi ní Sachse, níwájú ìyàwó ọmọ mi, ni mo ti la ẹnu pe ọkọ mi bí ẹni ń pe ọmọ ọ̀dọ̀. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ọkàn mi. Jessica ní ó ṣe òun láàánú, kì í ṣe ẹni náà.

Ó tún fi iyọ̀ sójú egbò, ó ní bí oṣù yìí bá parí tí n kò tíì fi ara mi hàn wọ́n tán, wọn yóò pa gbogbo ohun tó wà nínú àkáǹtì náà rẹ́. Mo bi í bóyá ó ní bàbá. N kò mọ ohun tó fi dáhùn, Akínbọ́lá ti gba fóònù lọ́wọ́ mi.

Ní Sunday ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Ìyá Adéyẹmọ, èyí tí ọmọ rẹ̀ kọ́lé sí Frisco tí kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní àfi kí n fi ọkàn balẹ̀ wádìí o, pé bóyá bàbá yín ní orúkọ mìíràn tó ń jẹ́ níbòmíràn, pé ta ló mọ gbogbo ilé tí ọkùnrin ní. Ó tún fi kún un pé ọmọ òun kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ bá òun fa irú wàhálà báyìí, pé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń wá wo fóònù òun. Mo kí i pé ó káre. Gèlè rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo rí i, n kò bá a tún un ṣe, bẹ́ẹ̀ ló ṣe wọ́ lọ síwájú pẹpẹ.

Ọjọ́ kejì, mo ń gé ẹ̀fọ́, mo ṣì ń bá Ìyá Adéyẹmọ jà nínú ọkàn mi, ni mo rántí. Ìwọ lo ṣí àkáǹtì yẹn fún mi nígbà Kérésì tí o wá sílé. O ní ẹ̀rọ ń fẹ́ ìbéèrè kan tó jẹ́ pé èmi nìkan ló mọ ìdáhùn rẹ̀, o ka oríṣiríṣi fún mi, mo mú ti orúkọ ọkọ. O fẹ́ máa tẹ orúkọ bàbá yín lọ, mo gbá ọ lọ́wọ́, mo gba fóònù, mo kẹ̀yìn sí ọ, mo fi ìka kan tẹ ohun tí mò ń pè é ní tèmi. Kì í ṣe Bàbá Akínbọ́lá tí ẹ̀ ń gbọ́ o, èyí tí mo máa ń pè é bí a bá ti ilẹ̀kùn yàrá ni. Mo rò pé òun gan-an ni wọ́n ń béèrè, nítorí orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, gbogbo Òkèhò ló mọ̀ ọ́n, èwo ni àṣírí níbẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ́ pé irin náà kò parọ́. Mo ṣì bú u, torí ó mọ̀, ó sì dákẹ́, ó ń wo opó bó ṣe ń wọ́lẹ̀.

A tún pè. Ọkùnrin ló gbé e! Mo ní láéláé, kí wọ́n pe Jessica fún mi. Wọ́n kọrin sí wa létí títí, obìnrin kan wá bọ́ sí i, ó ní òun ni Jessica, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀ díẹ̀, mo gbà bẹ́ẹ̀. Mo lé Akínbọ́lá àti Michelle jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo ti ilẹ̀kùn, mo fi ẹnu kan fóònù, mo sọ ọ́ fún un wúyẹ́wúyẹ́. Ó ní kí n pè é ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Tọ́láṣe, orúkọ tí kò jáde kọjá ibùsùn bàbá yín rí, mo ń pè é ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan fún ọmọ ọlọ́mọ. Nígbà tí mo parí, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ọkọ mi ni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rín pa mí, omijé sì bọ́ lójú mi, n kò mọ èyí tó ṣáájú.

O rò pé ó tán níbẹ̀? Ó ní ó ku ohun kan péré, pé àwọn ti fi nọ́ḿbà kan ránṣẹ́ sí fóònù tí wọ́n fi ṣe ẹlẹ́rìí àkáǹtì náà, kí a tẹ̀ ẹ́ padà fún àwọn. Fóònù ta ni? Tìrẹ ni. Ìwọ lo fi ara rẹ síbẹ̀ lọ́jọ́ tí a ṣí i. Mo ní ọpẹ́ ni, ọmọ mi ni, wàhálà ti parí. N kò tíì mọ̀ pé nọ́ḿbà wọn kì í pẹ́ láyé, kí èèyàn tó wá awò ojú rẹ̀ ó ti kú. Lóru, o ti fóònù rẹ mọ́ àpótí ní ọsibítù. Lọ́sàn-án, o pa ohùn rẹ̀, ò ń sùn. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ti mọ́ kí o tó fi nọ́ḿbà ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ, ó ti kú, ó ti rà. A dá àsìkò fún ọ ní ìrọ̀lẹ́, o gbà, oorun gbé ọ lọ. A tún dá òmíràn, wọ́n pè ọ́ síbi iṣẹ́. O wá fi Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé sí Akínbọ́lá pé kí n má bínú, pé láìpẹ́. Láìpẹ́! Láìpẹ́ yìí ni mo ti ń jẹ láti ìgbà tí mo ti dé Texas, kò sì yó mi. Mo ti bi ẹ̀gbọ́n rẹ bí Dallas ṣe jìnnà sí Sachse tó, ó ní kí ìwàásù kan tó parí nínú rédíò, mọ́tò ti dé. Ẹni tó ń tọ́jú ìyá onílé àti ìyá àlejò lóru, tìrẹ wà níbí, ó ń bá orin aláìlọ́rọ̀ jókòó.

Wo ayé, ọmọ mi. Wọ́n ti gbà pé èmi ni èmi. Wọ́n ti gbà pé bàbá yín ni ọkọ mi. Ohun tó kù báyìí ni kí ọmọ mi wá jẹ́rìí pé òun mọ̀ mí.

Nítorí náà, n kò fẹ́ kí o fi nọ́ḿbà kankan ránṣẹ́ mọ́. Wá ní Sátidé yìí, oṣù ń parí lọ. Wá jókòó tì mí lórí àga, kí fóònù rẹ wà lọ́wọ́ rẹ, kí tèmi wà lọ́wọ́ mi, kí nọ́ḿbà náà jáde kí a sì tẹ̀ ẹ́ bó ṣe ń gbóná. Mo máa gún iyán, mo máa se ọbẹ̀ ilá pẹ̀lú ẹja panla, o lè sùn níbí tó bá rẹ̀ ọ́, n kò ní bá ọ jà kí o tó jẹun tán. Kí o sì mú owó díẹ̀ dání fún mi, kí n fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń bá wa ro ibojì bàbá yín, òjò ti bẹ̀rẹ̀ lọ́hùn-ún, koríko kò ní dúró de láìpẹ́.

O lè máa rò pé ọ̀rọ̀ ńlá kan ni bàbá yín sọ nínú ohùn náà. Kò sọ nǹkan kan. Ó fẹ́ se ọbẹ̀, kò rí iyọ̀, ló bá pe Àwẹ̀ró, ó ní níbo ni mo gbé iyọ̀ sí. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Níbí, Mummy ni mò ń jẹ́, ní ṣọ́ọ̀ṣì Ìyá Akínbọ́lá ni mí, Jessica ń pe orúkọ ìwé ìrìnnà mi bí ẹni ń jẹ egungun. Ẹ̀yin ọmọ kò lè pe oríkì mi, kò yẹ yín. Ìyá mi ló máa ń pè é, ó kú, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ń pè é, wọ́n kú, ó wá ku bàbá yín. Kò sí ẹni tó lè pè mí ní Àwẹ̀ró láyé yìí mọ́, àfi inú àkáǹtì yẹn. Alaalẹ́ ni mo máa ń dá a lóhùn pé ó wà lẹ́yìn ìkòkò omi. Láti ìgbà tí omi ti mu fóònù, kò sí ẹni tó tún bi mí ní nǹkan kan.

Ọlọ́run yóò bù kún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Aláìsàn kò ní kú mọ́ ọ lọ́wọ́. O ó fi ọwọ́ gbé ọmọ tìrẹ, ìyàwó rere yóò rí ọ. Wà á dàgbà, wà á darúgbó, àwọn tó mọ orúkọ rẹ kò sì ní tán lẹ́yìn rẹ.

Èmi ni,
Màámi rẹ.